Wò Wọ́n Kí O Tó Kí Wọn

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Àbújá, wá kí mi nílé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tuntun. Ó ní òun ti rí olùkọ́ kan lórí fóònù tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wà níbi tí wọ́n wà. Mo ní kí ló wí? Ó tún un wí: bí èèyàn ṣe ń wà níbi tó wà. Mo bi í pé ṣé àwọn kan wà tí wọn kì í sí níbi tí wọ́n wà ni. Ó ní wọ́n pọ̀ bí eṣú, pé òun gan-an wà lára wọn. Ló bá mú hóró ẹ̀pà kan ṣoṣo, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wò ó, kí n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n wá fi í sẹ́nu wẹ́rẹ́, kí n má rò nípa nǹkan mìíràn àfi ẹ̀pà. Mo wo ẹ̀pà. Mo sọ fún un pé kòkòrò ti lu ú, kó mú òmíràn wá. Ó ní, "Màámi, ẹ kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni." N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Olùkọ́ ní ká wo ẹ̀pà, mo wò ó, mo rí ihò. Òun tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà láti oṣù mẹ́ta ni kò rí i. Ó wá di ojú rẹ̀ pinpin, ó ní ká jọ máa mí sínú, ká máa mí síta, ká sì mọ̀ pé à ń mí. Níbi tó ti ń mí yìí, Ìyá Bọ́lá, aládùúgbò mi, ru igi kọjá níwájú wa. Ó dúró, ó ń retí kí ọmọ mi kí òun, igi wúwo lórí rẹ̀. Ọmọ mi wà níbi tó wà, kò rí Ìyá Bọ́lá. Èmi ni mo kí i pé ó kú ẹrù, ó dáhùn, ó wo ọmọ mi tìyanu-tìyanu, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé orí ló ń fọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ yìí, ẹnì kan ti fi ẹ̀rù kọ́ mi rí, kò sì lo ẹ̀pà. Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi. Lọ́dún tí mo ń wí yìí, mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá. Ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n sì ti rẹ́ ògiri náà. Bàbá àti ìyá mi ń ṣòwò ní òkè Ọya, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà nínú agbo ilé wa ní Òwu-Ìsin, èmi àti Dúpẹ́, ọmọ àbúrò bàbá mi, ẹni tó fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ, tó sì ń fi oṣù mẹ́ta náà jẹ gàba lé mi lórí bí ẹni pé òun ló gbẹ̀bí mi. Ìgbà ọyẹ́ ni, ìgbà gbodo: iṣu tí a bó, tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí a wá sá sórí àpáta títí tó fi le koko bí igi, kí a tó gbé e lọ lọ̀ sí ẹ̀lùbọ́. Láti ìdájí ni agbo ilé ti máa ń dún. Ọ̀bẹ Ìyá Àgbà á máa ké ṣaa, ṣaa, lára iṣu. Ìgbálẹ̀ Dúpẹ́ á máa ké kíkan níwájú yàrá àwọn àgbà, á sì dákẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ọ. Ewúrẹ́ á máa fi ẹsẹ̀ wọn gbá àpáta kókó, ẹnì kan á sọ̀kò, ẹnì kan á sì pariwo pé òun ni òkò bà. Láàárín gbogbo ariwo wọ̀nyí ni ìkíni wà. Kò sí Yorùbá tí kì í kíni, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti sọ ìkíni di iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó jókòó ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀. Ẹni tó ń dirun, ojú gbooro là ń kí i. Ẹni tó ń jẹun, mo bá ire. Ẹni tó kọjú sí ọ̀nà tó ń retí ará ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. O gbọ́dọ̀ wo ẹni náà dáadáa kí ẹnu rẹ tó là. Ìyá Àgbà a máa sọ pé, "Ẹni tó kí mi láì wò mí, ògiri ló kí. Kí ògiri dá a lóhùn."

Èmi, ẹ kú iṣẹ́ ni mo fi ń kí gbogbo ayé. Ó rọrùn, kò sì gba ìrònú. Mo kí ẹni tó ń sùn lórí ẹní pé ó kú iṣẹ́. Mo kí ọ̀lẹ àdúgbò wa pé ó kú iṣẹ́, inú rẹ̀ dùn dé ọjọ́ alẹ́. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí nǹkan ń jẹun lẹ́bàá ògiri, mo kúnlẹ̀ láì wo ọ̀kánkán, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá, àṣé àgbò Bàbá Ràímì ni. Bàbá Ràímì fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Àgbà, wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, níbi tó máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tó ń lọ́ okùn. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ó fi okùn sílẹ̀, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, àgbò mi ní kí n bá òun dá ẹ lóhùn. Ó ní òun dúpẹ́, pé iṣẹ́ náà ò rọrùn." Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń béèrè àlàáfíà àgbò lọ́wọ́ mi. Ohun tó wá dùn mí níbẹ̀ ni pé Bàbá Ràímì tí kò ríran kì í ṣi èèyàn kí. Bí mo bá ru omi dé, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, o kú ẹrù. O tún ti da ìdajì ẹ̀ sọ́nà." Bí Dúpẹ́ bá fi ọwọ́ lásán wọlé, á ní, "Dúpẹ́, o kú àìríkan-ṣe." Ó mọ ìró ẹsẹ̀, ó mọ èémí, ó mọ bí omi ṣe ń kán láti etí garawa. Èmi tí Ọlọ́run fún ní ojú méjì, mo kàn ń lò wọ́n láti mọ ibi tí ọbẹ̀ wà.

Kì í ṣe pé mo ya òmùgọ̀. N kò sí nílé ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin kan wà ní Ìlọrin tí a ń pè ní Àǹtí Ìlọrin, bí ẹni pé òun ló tẹ ìlú náà dó. Ó ti ránṣẹ́ pé bí ọdún bá ti rékọjá, òun ń bọ̀ wá mú ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ láti lọ ka ìwé, ọmọ kan péré, nítorí yàrá òun kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà ní èmi ni yóò lọ, pé mo mọ̀wé ju Dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ara mi ti wà ní Òwu, tí ọkàn mi ti wọ mọ́tò. Bí mo bá ń pọn omi, omi inú fíríìjì Àǹtí ni mò ń mu. Bí mo bá ń lé ewúrẹ́ lórí gbodo, mo ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ewúrẹ́ wá mọ̀ pé n kò sí nílé, wọ́n ń jẹ gbodo ní ìrọ̀rùn. Dúpẹ́ ní tirẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àfi bó bá fẹ́ rán mi létí pé àwọn ará Ìlọrin yóò fi èdè mi ṣẹ̀sín, nítorí pé "ọn" ni mo ń pe "wọn", bí ẹni pé kì í ṣe ohun tí òun náà ń pè é nìyẹn.

Ní ọjọ́ márùn-ún sí ìgbà tí Àǹtí máa dé ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Lámídì, aládùúgbò wa, ní ìyàwó kan tó lóyún. Oyún náà ti pé oṣù rẹ̀, ó ti lé, gbogbo àdúgbò ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń pọnmi pé "ìyàwó ti bí o." Ìyàwó ẹlòmíràn ni, lápá òkè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n n kò dúró béèrè. Nígbà tí Ìyá Àgbà ní kí n gbé igbá kan lọ fún wọn nílé Lámídì, mo sáré wọlé, mo fi orúnkún gúnlẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ojú mi wà nílẹ̀, ọkàn mi wà ní Ìlọrin, mo ké tantan pé, "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ kú ọwọ́lómi! Olúwa á wò ó!" Mo gbójú sókè. Ìyàwó Lámídì jókòó lórí àpótí, ikùn rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ gbàǹgbà, kò kúrò níbi tó wà láti oṣù mẹ́sàn-án. Ó wo ikùn, ó wò mí, ó bú sẹ́kún. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Lámídì, ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọmọ wo? Ọmọ wo lo rí? Ewu tí éè tíì kọjá lò ń kí!" Ó fi ọwọ́ kan mú etí mi, ó fi èkejì gba igbá, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ìbínú, ọ̀tọ̀ ni igbá, ó sì wọ́ mi dé iwájú Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kó gbodo fún un, ó ṣàdúrà fún ìyàwó, ó ní ẹnu ọmọdé ni, kó má mú un sọ́kàn. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo ń retí pàṣán. Pàṣán kò dé. Ìyá Àgbà mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bó iṣu lọ, ó ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́, kí ni ìyàwó Lámídì ń ṣe nígbà tí o wọlé?"

"N ò mọ̀, Ìyá."

"Aṣọ wo ló ró?"

"N ò mọ̀."

"Ṣé ikùn wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá."

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Nígbà tí ọn ń fà mí létí jáde."

Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín títí tí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìsinsìnyí títí di àárọ̀ tí Àǹtí máa mú mi lọ, n kò gbọdọ̀ ṣi ẹnikẹ́ni kí, ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe ọmọdé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo bá ṣì í, Dúpẹ́ ló ń lọ sí Ìlọrin. "Ọn ò ní í sọ níbẹ̀ pé afọ́jú ni mo rán sí wọn."

Bàbá Ràímì húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Afọ́jú wo? Ìyàwó, má fi mí wé e."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Dúpẹ́ kò gbálẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn mi ló ń tọ̀ kiri, ó na etí bí ehoro. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà mí tó fi jẹ́ pé mo máa ń dúró ti èèyàn, màá tẹjú mọ́ ọn títí tí ara á fi máa ni ín. Mo dúró ti ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ó ní, "Kí lò ń wò?" Mo ní, "Mò ń wo ohun tí ẹ ń ṣe kí n lè kí yín." Ó ní òun jókòó ni. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá." Ó ní, "Ó ti pẹ́. Mo ti ń dìde." Mo wò ó, lóòótọ́ ló ti gbé ìdí kúrò nílẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìdìde." N kò mọ̀ bóyá irú ìkíni bẹ́ẹ̀ wà. Dúpẹ́ sáré lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé mo ti dá ìkíni sílẹ̀ fúnra mi. Ìyá Àgbà ronú sí i, ó ní, "Ṣé ìyá náà ń dìde?" Dúpẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó jàre."

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, n kò sì ní fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ojú mi. Mo ń wo Ìyá Àgbà níbi tó ti ń bó iṣu, kí n lè mọ bí màá ṣe kí i, mo sì rí i pé kì í wo iṣu rárá. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń rìn ṣáájú ọ̀bẹ, tó ń wá ibi tó bá ti jẹrà. Bó bá bá a, ọ̀bẹ á kàn yà síbẹ̀, á gé e sọnù, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Odidi ọdún ni mo ti ń jókòó ti obìnrin yìí, n kò rí àtàǹpàkò yẹn rí. Mo gun àpáta lọ yí gbodo padà, Bàbá Ràímì sì ti sọ fún mi pé kí n gbá méjì mọ́ ara wọn kí n gbọ́: èyí tó ṣì tutù kì í dáhùn, èyí tó ti gbẹ á dún kó, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí àpáta, mo ń gbá gbodo mọ́ ara wọn, kó, kó, ọyẹ́ ń fẹ́ sí mi lójú, òrí tí mo fi pa ètè ń ta sánsán, èéfín àárọ̀ ń gorí òrùlé lọ káàkiri ìlú. Inú mi dùn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fún mi. N kò jẹ ẹran, n kò gba aṣọ tuntun, inú mi kàn dùn dé ìdí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà a jẹ iṣu sísun, mo sì mọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi pé èèpo tó jóná díẹ̀ létí, tí a fi kan epo pupa, dùn ju àárín iṣu lọ. Mo ti ń jù ú fún adìyẹ láti kékeré. Adìyẹ ti ń jẹ ayé mi láì sọ fún mi.

Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé kí n gba ipò olùkọ́ orí fóònù yẹn, kí n máa fi Dúpẹ́ dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo ìdílé wa lónìí. A ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Láti ìdájí ni àwòrán òdòdó á ti máa wọlé, òdòdó pupa, òdòdó funfun, ife tíì tó ń rú èéfín, ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Ìbátan mi kan ní Ṣàrẹ́ ń fi òdòdó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn lójoojúmọ́, kò fi ọjọ́ kan jẹ. Ó fi òdòdó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà tí a ti sin ín, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "O kú ọjọ́ mẹ́ta, o ò tiẹ̀ béèrè wa." Òun náà wà níbi ìsìnkú o. Ó jẹ ìrẹsì. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní kì í ṣe òun, pé ìka ọwọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ dalẹ̀ nù sẹ́yìn ilé ìdáná, mo bá Dúpẹ́ níbẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún, ó fi ìró di ẹnu kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Ó ti ń ṣọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò ṣi ẹnì kan ṣoṣo kí, ó sì ti mọ̀ pé Ìlọrin ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo dúró. Kí là ń kí ẹni tó ń sunkún, tó jẹ́ pé ìwọ gan-an lo fa ẹkún náà? Mo ro gbogbo ẹ kú tí mo mọ̀. Mo wá ní, "Dúpẹ́, o kú ìrọ́jú." Ó sọ òkúta lù mí. Ó bà mí lórúnkún, àpá rẹ̀ ṣì wà. Ìkíni náà tọ́, òkúta náà sì tọ́, a kò sì fi ẹjọ́ ara wa sun ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn Dúpẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo kàn mọ̀ pé ó wà nínú ilé ni.

Ọjọ́ kẹrin ni ìyàwó Lámídì bí, láàárọ̀ kùtù. Ìyá Àgbà ní kí n gbé ewé àti omi gbígbóná lọ, ó sì wò mí lójú bí ẹni tó ń rán èèyàn lọ sójú ogun. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, n kò kúnlẹ̀. Mo kọ́kọ́ wo ikùn: kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wo ẹní: ohun pupa kékeré kan wà nínú aṣọ, ó fi ẹsẹ̀ kan síta, ìka márààrún ló wà lára ẹsẹ̀ náà. Mo wo ìyá rẹ̀: irun rẹ̀ rú, ojú rẹ̀ wú, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú abọ́ omi. Ìyá Lámídì dúró lẹ́yìn mi, ó ń mí sí mi lọ́rùn, ó ti gbaradì fún etí. Mo wá kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú ọwọ́lómi." Ìyàwó Lámídì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú torí pé ẹ̀rín ń dùn ún. "Ṣé o rí i lónìí?" Mo ní, "Mo rí i. Ó ń yán." Gbogbo wa wò ó. Lóòótọ́ ló ń yán, ó la ẹnu gbàgà sí wa bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wa ti sú. Ìyá Lámídì fún mi ní àkàrà. Mo padà sílé, mo ń rìn jẹ́jẹ́, mò ń kí àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dá mi lóhùn. Níbẹ̀, láàárín ilé Lámídì sí ilé wa, tí kò ju ìwọ̀n ìsọ̀kò kan lọ, ni mo ti rí i pé n kò fẹ́ lọ sí Ìlọrin mọ́. N kò tilẹ̀ rántí fíríìjì.

Àǹtí Ìlọrin dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́ àti gọ́ọ̀gùsì dúdú lójú. Mo na etí sí i, nítorí èmi náà ti di ọlọ́pàá. Bàbá Ràímì fi ọ̀pá dìde dúró láti pàdé rẹ̀. Àǹtí ń wo bàtà rẹ̀ tí eruku bà jẹ́, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá." Bàbá Ràímì ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Orí ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo jókòó sí." Ó wọlé bá Ìyá Àgbà, ẹni tó ti ń di gbodo sínú àpò láti òwúrọ̀, tí òógùn bò. Àǹtí ń wá ibi tí òun máa gbé báàgì kọ́, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi, Ìyá." Mo wo ojú Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gba búrẹ́dì. Kò sọ pé ògiri ni wọ́n kí. Ó yé mi wàyí: ìlú tí wọ́n fẹ́ mú mi lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ní bí mo bá ṣe é, n kò ní lọ. Ká ní wọ́n dán Àǹtí wò ni, kì bá tí fi ẹsẹ̀ tẹ Ìlọrin láyé rẹ̀. Mo bi Ìyá Àgbà nígbà tí a wà láwa nìkan, pé ṣé kí Dúpẹ́ máa lọ dípò mi. Ó ní, "Ṣé o ti ṣi ẹnì kan kí ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé kí n sọ̀rọ̀ tán, kí n tún wá kó o jẹ ni?" Mo mọ ohun tó kù tí mo lè ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹrù mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́kadà tó máa gbé wa dé ibi mọ́tò Òmù-Àràn ti ń tẹ fèrè. Ìkíni kan ṣoṣo ló kù mí kù. Ìyá Àgbà jókòó sí àtẹ́rígbà yàrá rẹ̀. Kò mú ọ̀bẹ, kò sí iṣu níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, ó ń wò mí. Dúpẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù, ó na etí. Mo kúnlẹ̀. Mo ti rò ó dáadáa: kò sí ọmọ ọdún méjì tó ń ṣi ìkíni àárọ̀ kí, nítorí náà, bí mo bá ṣì í, gbogbo ayé á gbọ́. Mo wò ó lójú, mo yí ẹnu díẹ̀, mo pe àárọ̀ ní àárò, mo ní, "Ẹ káàárò, Ìyá." Ìkíni ẹni tí èèyàn rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹni tí ilé ti dá páropáro fún. A kì í fi kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ó ti ṣì í!" Dúpẹ́ fò sókè. "Ẹ gbọ́ ọ, Ìyá! Ó ti ṣì í!"

"Kí ló ṣì?" Àǹtí ní. "Ṣebí ó ní ẹ káàárọ̀ ni."

Bàbá Ràímì fi okùn sílẹ̀. Ìyá Àgbà kò wo Dúpẹ́, kò wo Àǹtí. Ó wò mí pẹ́, títí tí ọlọ́kadà fi tún tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Omi ti dé ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

"A kú àárò, ọmọ mi," ó ní. "Éè ṣì í. Gbé ẹrù ẹ."

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi lé ara mi kúrò nílé.